Òjò Ń Rọ̀ ní Aṣálẹ̀, Kò sì Sẹ́ni Tó Rán An

Láti ìgbà tí òjò ti da àjọ̀dún Burning Man rú ní aṣálẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, ọ̀rọ̀ kan náà ni mo ń gbọ́ ní Èkó, kò sì tíì tán lẹ́nu àwọn èèyàn. Wọ́n ní òjò kì í rọ̀ ní aṣálẹ̀. Wọ́n ní bó bá fi lè rọ̀ níbẹ̀, á jẹ́ pé ẹnì kan ló rán an, tàbí pé Ọlọ́run ló bínú sí àwọn tó kóra jọ láti dáná sun ère. Wọ́n tún ní òjò tó lè há èèyàn tó lé ní 70,000 mọ́ ojú kan, àfi kó jẹ́ irú èyí tí Nóà rí. Mo ti gbọ́ ọ nínú dánfó láti Ojúẹlẹ́gbà dé CMS, mo ti gbọ́ ọ ní ìsọ̀ àwọn aláṣọ ní Ìdúmọ̀tà, àwọn ẹbí mi sì ń pín in lórí WhatsApp títí di òní. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kò rí bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ ká tú u wò dáadáa, nítorí àṣìrò tó wà níbẹ̀ náà ni kì í jẹ́ ká rí ohun tí omi ń fi ojú wa rí níbí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí àjọ̀dún náà jẹ́. Ní ọdún 1986, Larry Harvey àti Jerry James pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ wọn fi igi kan ère èèyàn, wọ́n sì sun ún létí òkun Baker Beach ní San Francisco. Ní 1990, wọ́n gbé e lọ sí aṣálẹ̀ Black Rock ní ìpínlẹ̀ Nevada, ní Amẹ́ríkà. Láti ìgbà náà, yàtọ̀ sí àsìkò Kòrónà, ìparí oṣù Kẹjọ sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án ni àwọn oníṣẹ́ ọnà máa ń kó iṣẹ́ ńláńlá wọn lọ síbẹ̀. Odidi ìlú á dìde lórí ilẹ̀ tí kò sí ilé kan ṣoṣo, wọ́n á sì tún tú u palẹ̀ láì fi nǹkan kan sílẹ̀. Kò sọ́jà níbẹ̀, àfi áìsì. Olúkúlùkù ló ń ru oúnjẹ àti omi tirẹ̀ lọ, tó sì ń kó ìdọ̀tí tirẹ̀ bọ̀. Bó bá kù díẹ̀ kí wọ́n túká, wọ́n á sun ère onígi náà, lọ́jọ́ kejì wọ́n á sun Tẹ́ḿpìlì, ilé kan tí àwọn èèyàn ti kọ orúkọ òkú wọn sí lára, tí wọ́n ti lẹ fọ́tò wọn mọ́ ọn. Kò sẹ́ni tó ń forí balẹ̀ fún igi ọ̀hún. Ọ̀pọ̀ nínú wọn wá dárò èèyàn wọn ni, mi ò sì rí ohun tó yẹ kí ẹnikẹ́ni fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gégùn-ún.

Ó wá kan òjò. Ibi tí òjò rẹ̀ kò bá tó mìlímítà 250 lọ́dún ni àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ sábà máa ń kà sí aṣálẹ̀. Òjò díẹ̀ ni wọ́n wí, wọn ò wí pé kò ní rọ̀. Kì í tilẹ̀ ṣe ọ̀rọ̀ ooru: Antarctica tí yìnyín fẹ́rẹ̀ẹ́ bò tán, aṣálẹ̀ ni. Òjò díẹ̀ yẹn sì lè kóra jọ, kó rọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ ra ọjà ní Dubai á rántí ọjọ́ 16 oṣù Kẹrin ọdún 2024, nígbà tí omi bo pápákọ̀ òfurufú, tí mọ́tò rì sójú títì. Lẹ́bàá Al Ain, ní ilẹ̀ kan náà, òjò tó lé ní mìlímítà 250 rọ̀ láàárín wákàtí 24. Kíá ni wọ́n ní àwọn aláṣẹ ló fi ọkọ̀ òfurufú fọ́n nǹkan sí ìkùukùu kí òjò lè rọ̀. Àjọ tó ń bójú tó ojú ọjọ́ níbẹ̀ sọ pé àwọn kò fọ́n nǹkan kan sí ìjì náà, irú fífọ́n bẹ́ẹ̀ kò sì lè pe ìjì tó gbòòrò tó ìyẹn jáde láti ibi tí kò sí. Ọjọ́ mélòó kan ṣáájú ni àwọn onímọ̀ ti rí i pé ó ń bọ̀. Nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà, òjò rọ̀ sí gúúsù ìlà-oòrùn Mòrókò, ní etí Sàhárà, adágún Iriqui tó ti gbẹ láti bí àádọ́ta ọdún sì tún ní omi nínú.

Ìwọ̀n òjò Nevada gan-an ni mo fẹ́ kí gbogbo ará Èkó mọ̀. Ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, ló bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ Sátidé fi mọ́, èyí tó rọ̀ kò ju nǹkan bíi mìlímítà 20 lọ, kò tó ínṣì kan. Òjò bẹ́ẹ̀ ní Mushin nínú oṣù Kẹfà, ẹni tó ń din àkàrà á kàn fa agboòrùn rẹ̀ sún mọ́ iná ni. Ní ọjọ́ 10 oṣù Keje ọdún 2011, òjò tó rọ̀ sí Èkó lọ́jọ́ kan ṣoṣo lé ní mìlímítà 200. Ìyẹn ju ìlọ́po mẹ́wàá èyí tó há àwọn ará Burning Man mọ́bẹ̀ lọ, èèyàn sì kú nínú rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ní pípọ̀ òjò ló fa gbogbo rẹ̀ kò tíì dé ìdí ọ̀rọ̀.

Ilẹ̀ ibẹ̀ ni ìdí ọ̀rọ̀. Ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, adágún ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Lahontan ló bo ibẹ̀. Omi ọ̀hún gbẹ, ó fi ẹrẹ̀ sílẹ̀, ẹrẹ̀ náà sì di eruku tó kúnná bí ẹ̀lùbọ́, tí ó máa ń bó èèyàn lẹ́sẹ̀ tó bá pẹ́ lára. Ilẹ̀ náà tẹ́ pẹrẹsẹ débi pé orí rẹ̀ ni Andy Green ti wa ọkọ̀ Thrust SSC ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá ọdún 1997, tó sáré tó kìlómítà 1,228 ní wákàtí kan, ìyẹn ni pé ó yára ju ìró lọ. Omi gan-an ló ń mú un tẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà òtútù àti ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, omi a máa dúró lórí rẹ̀ pẹrẹsẹ, á tún ẹrẹ̀ náà tẹ́, á sì gbẹ. Kò sí odò tó ń gbé omi kúrò níbẹ̀ lọ sínú òkun. Èyí tó bá bọ́ síbẹ̀, ibẹ̀ ló máa dúró sí títí oòrùn á fi fà á. Ẹni tó ń sọ pé òjò kì í rọ̀ níbẹ̀, ìsàlẹ̀ adágún ló ń sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Bí omi bá ti kan eruku náà, ó di ẹrẹ̀ tó ń lẹ̀ típẹ́típẹ́. Èèyàn á gbé ẹsẹ̀, ẹrẹ̀ á bá bàtà dìde. Ìgbésẹ̀ kejì á lẹ òmíràn mọ́ ti àkọ́kọ́, títí bàtà á fi wúwo ju ẹsẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ lọ. Àwọn kan bọ́ bàtà, wọ́n ń fẹsẹ̀ lásán rìn. Àwọn mìíràn fi ọ̀rá wé ìbọ̀sẹ̀ wọn. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń káàkiri kò ṣe é gùn mọ́, nítorí ẹrẹ̀ á dí àárín táyà àti irin pa. Mọ́tò tó bá gbìyànjú á gbẹ́ kòtò fún ara rẹ̀, á sì ba ọ̀nà jẹ́ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ti ẹnubodè, tí wọ́n ní kí mọ́tò má rìn, kí olúkúlùkù sì máa ṣọ́ omi, oúnjẹ àti epo lò. Kódà, ọkọ̀ tó ń fa ẹ̀gbin ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kò rí ọ̀nà gbà. Àwọn kan fẹsẹ̀ rìn jáde, lára wọn ni Chris Rock tó jẹ́ aláwàdà àti Diplo tó jẹ́ olórin, tí ẹnì kan wá fi ọkọ̀ gbé lójú ọ̀nà. Nígbà tí oòrùn padà yọ, ilẹ̀ gbẹ, wọ́n ṣí ọ̀nà ní ọ̀sán Mọ́ńdè, ọjọ́ kẹrin oṣù. Wọ́n sun ère náà ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n sì sun Tẹ́ḿpìlì lọ́jọ́ Túsìdeè.

Ẹ lè dán ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yìí wò nílé. Mo ṣe é fún àwọn ọmọ ilé wa ní Sùúrùlérè. A lu ìdí abọ́ ike méjì, a da yanrìn etí òkun sí ọ̀kan, a da amọ̀ gbígbẹ tí a ti gún kúnná sí èkejì, a sì pín omi ọ̀rá kan sórí méjèèjì. Yanrìn gba tirẹ̀, ó ń kán tótó nísàlẹ̀. Omi orí amọ̀ dúró, ó ń dán. Ọmọ kan ti ìka bọ̀ ọ́, ẹrẹ̀ bá a jáde títí dé oríkèé. Nígbà tí a wá fọ́ amọ̀ náà sí wẹ́wẹ́, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣì gbẹ táútáú. Òkè rẹ̀ ti rin, ó ti wú, ó sì ti dí ọ̀nà mọ́ omi yòókù.

Bí àwọn èèyàn ṣe há sí Nevada ni irọ́ mìíràn tún jáde, pé Ẹ́bólà ti bẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn. Ẹnì kan ṣe ayédèrú ìkéde bíi pé àjọ ìlera Amẹ́ríkà ló gbé e jáde, ó sì tàn kálẹ̀. Kò sí Ẹ́bólà níbẹ̀ rárá. Ọkùnrin kan kú lásìkò àjọ̀dún náà lóòótọ́, àwọn tó ń darí rẹ̀ sì sọ pé òjò kọ́ ló fà á. Èyí dùn mí ju gbogbo ìyókù lọ, nítorí pé àwa ará Èkó mọ ohun tó ń jẹ́ Ẹ́bólà. Oṣù Keje ọdún 2014 ló wọ ìlú yìí. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh ló kọ̀ jálẹ̀ pé aláìsàn àkọ́kọ́ náà kò ní jáde ní ọsibítù, àìsàn yẹn ló sì pa òun náà ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Ẹ́bólà ti kúrò ní Nàìjíríà. Lẹ́yìn ohun tí obìnrin yẹn fi ẹ̀mí rẹ̀ ṣe fún wa, kò yẹ kí ọmọ Èkó kankan máa fi orúkọ àìsàn náà ránṣẹ́ láìwádìí.

Ta ló wá rán òjò ọ̀hún? Ní bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ìyókù ìjì Hilary tó ti òkun Pàsífíìkì wá ti rọ̀ sí aṣálẹ̀ náà, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ṣì ń to ìlú wọn. Láti oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án, atẹ́gùn a máa gbé ọ̀rinrin láti gúúsù wá sí àwọn aṣálẹ̀ ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà. Bí ọ̀rinrin yẹn bá pàdé ohun tó ń gbé afẹ́fẹ́ ròkè, ó di òjò. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ “ẹnì kan ló rán an” ti wọ̀ wá lára, torí pé a máa ń sanwó fún ẹni tó ní òun lè so òjò. Ẹ wo ìgbà tí òde pọ̀ jù ní Èkó: oṣù Kejìlá ni, ẹ̀ẹ̀rùn ti wọlé. Oṣù Kẹjọ náà wà níbẹ̀, tí òjò máa ń sinmi láàárín ọ̀wọ́ rẹ̀ méjèèjì. Lásìkò wọ̀nyẹn, ọjọ́ púpọ̀ ni òjò kò ní rọ̀, à báà sanwó, à báà má san. FESTAC tí wọ́n ṣe láti ọjọ́ 15 oṣù Kìíní sí ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 1977, àárín ẹ̀ẹ̀rùn ló bọ́ sí. Òjò wa tún máa ń já: á máa rọ̀ ní Ìkẹjà, oòrùn á máa ràn ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹni tó gbowó á sì ní iṣẹ́ òun ni. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́: òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji bá rí leji ń pa.

Bí a bá ti gbà pé ilẹ̀ ni ká máa wò, ọ̀pọ̀ nǹkan ní Èkó á yé wa. Yanrìn Lẹ́kì mọ omi í gbà, àmọ́ ẹni tó bá gbẹ́lẹ̀ díẹ̀ níbẹ̀ á kan omi, torí náà kò sí àyè púpọ̀ fún tuntun. Ọ̀pọ̀ ibẹ̀ jẹ́ àbàtà tí a da yanrìn dí, èyí tó kù a fi kọnkéré bò ó, a sì da ọ̀rá sínú gọ́tà tí ì bá gbé omi lọ sínú ọ̀sà. Ní Àjegúnlẹ̀ lọ́nà Ìkòròdú, omi lè wọlé lọ́jọ́ tí ojú ọ̀run mọ́ kedere, bí odò Ògùn bá kún, tí wọ́n sì tú omi sílẹ̀ ní ìdídò Ọ̀yán. Àwọn ará ibẹ̀ kì í wo ìkùukùu nìkan. Odò ni wọ́n ń wò. Àgbàrá òjò kò ní òun ò nílé í wó, onílé ni kò ní gbà fún un, àmọ́ onílé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ibi tí àgbàrá ń gbà wá.

Ẹni tó bá fẹ́ gba pápá fún òde, fún ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà tàbí fún ìsìn ìta gbangba, kó lọ wo ibẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì òjò ńlá kó tó san àsansílẹ̀. Kó wo ibi tí omi dúró sí, kó wá gọ́tà tó ń gbé e lọ, kó sì bèèrè ibi tí gọ́tà náà parí sí. Kó fẹsẹ̀ rin ọ̀nà tí jẹnẹrétọ̀ àti ọkọ̀ oúnjẹ máa gbà wọlé. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ń rì, mọ́tò á rì jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó yáa wá ilẹ̀ mìíràn.