Ẹ Má Tíì Yọ Ilẹ̀kùn Ìrókò Yẹn

Ní àdúgbò wa ní Ìbàdàn, bí èèyàn bá fẹ́ kí ará àdúgbò mọ̀ pé owó ti dé, ilẹ̀kùn iwájú ilé ló kọ́kọ́ ń pààrọ̀. Káfíńtà á yọ ilẹ̀kùn igi tí bàbá rẹ̀ fi síbẹ̀, wọ́n á gbé e ti ògiri ní ẹ̀yìnkùlé. Tó bá pẹ́ díẹ̀, wọ́n á fi bíríkì gbé e ró, ó di tábìlì tí wọ́n ń tú ìyẹ́ adìẹ lé. Wọ́n á wá gbé security door sí ààyè rẹ̀, èyí tó ń dán yanran, tó ní ọwọ́ aláwọ̀ wúrà àti ihò kékeré tí wọ́n ń gbà yọjú wo àlejò. Ẹ bi wọ́n pé kí ló dé, èsì kan náà lẹ máa gbọ́: "Ìgbà ti yí padà. Igi ò ní ààbò mọ́. Irin nirin ń jẹ́."

Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mo ti ń tọ́jú owó tèmi lọ́wọ́ kí ilẹ̀kùn aládùúgbò mi kan tó há.

Àárọ̀ Sátidé ni, tìyàwó tọmọ ló wà nínú ilé. Kọ́kọ́rọ́ ń yí, ahọ́n ilẹ̀kùn ò padà. Ilẹ̀kùn ọ̀hún ò tíì pé ọdún mẹ́ta. Wọ́n ké sí wẹ́dà, ó wá pẹ̀lú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé irin, ó gé ojú ibì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn. Kó tó di pé a mu omi tán, ó ti gé e já. Ó wá fi ọwọ́ lásán ká irin yẹn sẹ́yìn bí ẹni ń ṣí agolo sadíìnì, gbogbo wa sì yọjú. Páálí ló wà níbẹ̀. Páálí pupa rẹ́súrẹ́sú, oníhò-oníhò bí afárá oyin, tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ irin tiwájú àti tẹ̀yìn. Mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó wọlé. Onílé yọjú láti ojú wíńdò, kò lè sọ̀rọ̀. Wẹ́dà wò ó, ó ní, "Ọ̀gá, ṣé ẹ ò mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn ni?"

Kí n má purọ́ mọ́ páálí o. Kì í ṣe jìbìtì. Òun ló ń jẹ́ kí irin méjèèjì dúró gbọnrangandan, òun ni kì í jẹ́ kí ilẹ̀kùn máa dún bí agbá òfìfo, kò sì wúwo. Kárí ayé ni wọ́n ti ń fi ṣe ilẹ̀kùn. Àmọ́ kì í ṣe ohun tí aládùúgbò mi rò pé òun ń sanwó lé nìyẹn. Irin ojú ọ̀pọ̀ nínú àwọn olówó pọ́ọ́kú tó kún ọjà kì í nípọn tó mílímítà kan. Ẹ fi ìka kan àárín rẹ̀ kí ẹ tó sanwó: tó bá ń dún pọ́pọ́, tó ń tẹ̀ díẹ̀ tẹ́ ẹ bá fi ọwọ́ tì í, ẹ ti mọ ohun tó wà nínú.

Mo délé lọ́jọ́ náà, mo dúró síwájú ilẹ̀kùn tí bàbá mi ṣe. Ó burẹ́wà lóòótọ́. Ọ̀dà rẹ̀ ti ń bó bí awọ ejò, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti dúdú, tẹ́ ẹ bá fẹ́ tì í, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé e sókè díẹ̀. Mo kàn án: gbì. Mo wọn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: ínṣì kan àti ààbọ̀ ìrókò, kò sí páálí, kò sí ihò. Pákó àárín rẹ̀ wọnú ojú ihò tí wọ́n gbẹ́ fún un, ẹnu igi kan wọnú èkejì bí ìka wọnú òrùka. Ó lé lógójì ọdún tó ti wà níbẹ̀, kò sí oríkèé kan tó là.

Ọ̀rọ̀ "ìgbà ti yí padà" yẹn tiẹ̀ máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Láàárín 1910 sí 1914, Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀kùn kan fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́, igi ni látòkè délẹ̀. Wọ́n gbé e lọ síbi àfihàn ní Wembley ní London ní 1924, àwọn Òyìnbó rí i, wọn ò fẹ́ kó padà sílé mọ́. Àga ọba tí wọ́n ṣe nílùú tiwọn ni wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀, British Museum ló sì wà títí dòní. Ẹni tó bá ní ilẹ̀kùn igi ti di ohun àtijọ́ kó lọ sọ fún wọn níbẹ̀ kí wọ́n bá wa dá a padà.

Kí ló wá ń mú kí ilẹ̀kùn ní ààbò? Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí bàbá káfíńtà tó bá mi ṣe tèmi fi hàn mí. Kò tiẹ̀ wo ilẹ̀kùn rárá nígbà tó dé. Ara férémù ló kọ́kọ́ lọ, síbi pẹlẹbẹ irin kékeré tí ahọ́n kọ́kọ́rọ́ ń wọ̀. Ó fi sukudíráfà tú sukúrù méjèèjì, ó dà wọ́n sí mi lọ́wọ́. Wọn ò gùn tó oríkèé ìka ọmọdé. "Ṣó o rí wọn?" ló wí. "Ohun tó ń ṣọ́ ilé yìí láti ọjọ́ yìí wá nìyẹn. Bí ẹnikẹ́ni bá fi ẹsẹ̀ ta ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn ò ní í fọ́. Etí férémù yìí ló máa ya."

Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ráyè wọ ibẹ̀, ẹnu tí ògiri wa là sì nìyẹn. Sukúrù ínṣì mẹ́ta ni bàbá fi rọ́pò wọn, èyí tó la igi férémù kọjá tó sì wọ inú búlọ́ọ̀kù lọ. Ó kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ lu búlọ́ọ̀kù, ó ki rọ́ọ̀lù-púlọ́ọ̀gì, ike kékeré tó ń di sukúrù mú nínú ògiri, bọ inú ihò, kó tó ta sukúrù. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ sí hínjì náà, kò sì gbà kí hínjì jẹ́ méjì, ó ní ilẹ̀kùn tó wúwo báyìí, mẹ́ta ló tọ́ sí i. Owó gbogbo sukúrù yẹn ò tó owó oúnjẹ ọ̀sán.

Ohun tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni pé àìsàn yìí kan náà ló ń ṣe security door. Ẹni tó ń tà á á sọ fún yín pé ahọ́n mẹ́wàá ló ní, òkè, ìsàlẹ̀, ẹ̀gbẹ́. Kí ni ahọ́n mẹ́wàá ń bù jẹ? Férémù irin fẹ́lẹ́ tí inú rẹ̀ ṣófo, tí wọ́n fi bóòtì díẹ̀ so mọ́ ògiri, tí wọ́n sì fi fóòmù dí etí rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ẹ ti ra tiyín, ẹ má banú jẹ́: ẹ pe bíríkìlà kó po sìmẹ́ńtì òun yanrìn, kó rọ ọ́ kún inú férémù náà àti àlàfo tó wà láàárín rẹ̀ àti ògiri. Ìyàtọ̀ tó máa wà níbẹ̀ ju ahọ́n mẹ́wàá lọ.

Irin tó nípọn dáadáa náà wà lọ́jà, mi ò sọ pé kò sí. Wẹ́dà tó mọṣẹ́ lè fi irin gidi ṣe ilẹ̀kùn tí ọkùnrin mẹ́rin máa fi gbé e. Ṣùgbọ́n ẹ wo iye owó rẹ̀ kí ẹ tó wá bá mi jà. Ẹ sì rántí pé bẹ́ ẹ bá ń gbé nítòsí òkun, ní apá Lẹ́kkí lọ sí Ajah, afẹ́fẹ́ oníyọ̀ yẹn kì í fojúure wo irin. Ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, níbi tí omi òjò ń ta sí, ló ti kọ́kọ́ ń dípẹtà.

Kì í sì í ṣe gbogbo ilẹ̀kùn igi ló yẹ kí ẹ tọ́jú. Tó bá jẹ́ pákó pẹlẹbẹ méjì ni wọ́n lẹ̀ mọ́ra tí inú rẹ̀ ṣófo, ti yàrá nìyẹn, kò yẹ kó wà níta láti ìbẹ̀rẹ̀. Arère náà rọ̀ jù, ikán sì fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ tó bá jẹ́ ìrókò, apá, ọ̀pẹ̀pẹ̀ tàbí ọ̀gánwó, ẹ fara balẹ̀. Ẹ mú sukudíráfà tó mú ní ẹnu, ẹ fi gún ìsàlẹ̀ rẹ̀ àti oríkèé rẹ̀. Tó bá wọlé bí ẹni gún iṣu sísè, ó ti lọ. Tó bá kọ̀, ìdọ̀tí lásán lẹ̀ ń wò. Àárín ìrókò, ibi tó pọ́n yẹn, ikán kì í fẹ́ fọwọ́ kàn án. Funfun etí igi ni wọ́n ń jẹ. Ìrókò mìíràn tilẹ̀ ní òkúta nínú, bàbá káfíńtà ní òun ti fi ṣẹ́ eyín ayùn rí.

Ìgbà òjò ló ń ba ilẹ̀kùn igi lórúkọ jẹ́. Òjò á rọ̀, igi á mu omi, á wú, ilẹ̀kùn á máa há mọ́ férémù. Káfíńtà tí kò ní sùúrù á gbé ìfági, á fá a. Ọyẹ́ á wá dé, igi á sún kì, àlàfo á sì wà létí ilẹ̀kùn tí aláǹgbá lè gbà wọlé kó tún jáde. Nígbà náà ni onílé á ní, "Ẹ ò rí i? Ilẹ̀kùn igi ò dáa." Ọwọ́ ọyẹ́ ló yẹ kí ẹ tún un ṣe, nígbà tó ti gbẹ. Ohun tó sì ń jẹ́ kó mu omi ni pé ojú mẹ́fà ni ilẹ̀kùn ní, mẹ́rin péré ni pẹ́ńtà ń kùn. Orí rẹ̀ lókè àti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀, kò sẹ́ni tó ń rí i, kò sẹ́ni tó ń fi ọ̀dà kàn án. Ibẹ̀ gan-an ni ẹnu igi ṣí sí, ibẹ̀ ló ti ń fa omi bí ẹni fi sítírọ́ọ̀ mu un. A tú tèmi kúrò lára hínjì, a dá a dùbúlẹ̀, a dojú rẹ̀ délẹ̀: àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ò tíì rí ọ̀dà rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é.

Iṣẹ́ tó kù, ọjọ́ mẹ́ta ni. Ọ̀dà àtijọ́ lè ní òjé nínú, nítorí náà ẹ má ha á ní gbígbẹ láàárín àwọn ọmọ. Ẹ fi omi rin ín, ẹ lo sáńpépà olómi, ẹ kó ìhaha rẹ̀ sínú ọ̀rá, ẹ kó o dànù. Eruku ìrókò fúnra rẹ̀ ń ta nímú, ó sì ń yún ni lára, ẹ bo imú. Àwa bẹ̀rẹ̀ láti sáńpépà 80 tó le, a parí rẹ̀ sí 220 tó kúnná. Ihò sukúrù tó ti fẹ̀ jù, bàbá fi igi ìṣáná tó ti ki bọ gọ́ọ̀mù dí i, ó gé e bó ti gbẹ tán, sukúrù sì tún mú un bíi tuntun. Ìdí tí ilẹ̀kùn fi ń sọ̀ kalẹ̀ tá a fi ń gbé e sókè ká tó tì í nìyẹn, kì í ṣe pé ó ti gbó. Mo mú lọ́ọ̀kì àtijọ́ dání lọ sọ́jà kí n lè ra èyí tó bá ihò ara igi mu. Ẹ má ṣe ra lọ́ọ̀kì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì láìwọ̀n ihò.

Ní ti ọ̀dà, ìyàwó mi fẹ́ fánìṣì kí ìrókò lè hàn. Mo gbà, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé òòrùn ń jẹ fánìṣì ju ọ̀dà aláwọ̀ lọ. Ilẹ̀kùn tó kọjú sí òòrùn láìsí òrùlé lókè rẹ̀, ẹ máa tún un kùn léraléra ni. Tẹ́ ẹ ò bá ní àyè ìyẹn, ẹ kun ọ̀dà olóróró. Èyí ó wù kẹ́ ẹ mú, ẹ fi aṣọ tí ẹ ti rẹ sínú tínà nu ìrókò kẹ́ ẹ tó kùn ún, torí ó ní òróró tirẹ̀ tí kì í jẹ́ kí fánìṣì tètè gbẹ. A fi ọwọ́ ilẹ̀kùn dúdú sí i, mo kun nọ́ḿbà ilé lé ògiri, iná kékeré kan lókè àtẹ́rígbà, ó tán.

Gbogbo owó náà, tọ̀dà, tilọ́ọ̀kì, tiṣẹ́ bàbá, kò tó ìdá kan nínú márùn-ún iye tí wọ́n pè fún mi lórí security door. Àwọn tó ń kọjá ń béèrè ibi tí mo ti rà á.

Aládùúgbò mi náà wá wò ó. Ó kàn án lẹ́ẹ̀mejì, kò sọ nǹkan kan, ó yà lọ sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ lọ wo tirẹ̀ tó wà lórí bíríkì. Wọ́n ti fi ìdajì rẹ̀ dáná lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ ọmọ rẹ̀ tó kéré jù. Ó gbé ìdajì tó kù nílẹ̀, ó yí i padà, ó yí i padà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ikán ò fẹnu kàn án.