Fọ́tò ẹnu ọ̀nà kò sọ pé ẹrù ti dé ọwọ́ yín

Ọ̀rọ̀ kan wọ́pọ̀ lẹ́nu àwa Yorùbá tó wà ní Ìlú Ọba: bí olè bá ti gbé ọjà tí wọ́n já síwájú ilé, ẹni tó rà á ló pàdánù. Òǹtajà á ní dírẹ́bà ti ya fọ́tò, ó ti já a sílẹ̀, kí ẹ lọ bá iléeṣẹ́ tó gbé e wá. Ọ̀pọ̀ a sì gbà, wọn a fi owó wọn sílẹ̀ fún Ọlọ́run.

Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Abala 29 nínú òfin Consumer Rights Act ti ọdún 2015 sọ pé ọrùn òǹtajà ni ewu ọjà wà títí yóò fi dé ọwọ́ oníbàárà gan-an, tàbí ọwọ́ ẹni tí oníbàárà ní kó bá òun gbà á. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ iwájú ilẹ̀kùn kì í ṣe ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Òǹtajà kò sì lè kọ ohun mìíràn sínú àdéhùn rẹ̀ láti fi bọ́. Abala 31 ti dí ọ̀nà yẹn.

Òǹtajà ló bẹ iléeṣẹ́ akẹ́rù níṣẹ́, òun ni kó lọ béèrè lọ́wọ́ wọn. Ó máa ń dùn mí bí mo bá rí àgbàlagbà tó ń pe iléeṣẹ́ akẹ́rù láàárọ̀ lálẹ́, tí ẹni tó gba owó rẹ̀ sì jókòó jẹ́ẹ́.

Àmọ́ bí ẹ̀yin fúnra yín bá ní kí wọ́n gbé e sẹ́yìn ilé tàbí kí wọ́n fún aládùúgbò, tí wọ́n sì ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn. Bákan náà ni bí ẹ bá fúnra yín wá akẹ́rù tí òǹtajà kò fi lọ̀ yín. Abala yìí kò sì kan ẹni tó kàn ń ta àlòkù ilé rẹ̀. Oníṣòwò ló wà fún.

Ẹ kọ́kọ́ wo fọ́tò náà dáadáa, nítorí ilẹ̀kùn ẹlòmíràn lè ni. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ̀wé sí òǹtajà, ẹ dárúkọ abala 29, kí ẹ béèrè òmíràn tàbí owó yín. Bó bá kọ̀, tó sì jẹ́ kírẹ́díìtì káàdì lẹ fi ra ọjà tí iye rẹ̀ ju £100 lọ, tí kò sì ju £30,000, abala 75 nínú Consumer Credit Act ti 1974 gbà yín láyè láti béèrè owó náà lọ́wọ́ báńkì tó fún yín ní káàdì. Bó bá jẹ́ dẹ́bíìtì káàdì, ẹ ní kí báńkì bá yín ṣe chargeback, ìyẹn ni pé kí wọ́n bá yín gba owó náà padà lọ́wọ́ òǹtajà. Ẹ má fi falẹ̀ o, gbèdéke wà fún un.