Ẹ wo òbí rẹ̀ ná

Mo ka ohun tí ẹ kọ, pé ọmọ ọdún 4 tí kì í rẹ́rìn-ín, nǹkan ń dùn ún nínú. Ṣé gbogbo wọn ni? Ọmọbìnrin mi kì í bá wọn jó níbi ìkómọ; á dúró tì mí, á máa ka àga. Lọ́jọ́ kan ó ní, “Ta ló sanwó gbogbo ìrẹsì yìí?” Ìyá mi bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní ohun tí èmi náà bi àwọn nìyẹn nígbà tí mo kéré. (Èmi tí wọ́n ń pè ní “Bàbá Àgbà” ní jẹ́lé-ó-sinmi!)

Ẹni tó ní ká máa fipá pa irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lẹ́rìn-ín, wọ́n ṣe é fún mi ní kékeré, ẹkún ni mo fi dá wọn lóhùn. Èmi kàn ń jókòó ti ọmọ mi ni. Tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, á sọ ọ́, pàápàá lálẹ́ tí iná bá ti lọ.