Agbára apá kọ́ ló ń mú ìbọn dúró

Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ yìnbọn lórí ìdúró, láìfara ti nǹkan kan, gbọ́dọ̀ fi gbogbo agbára di ìbọn mú, kó sé èémí títí ìbọn ò fi ní mì mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀, ó sì ń dùn mí pé àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ló ń gbà á gbọ́.

Iṣan tó bá le koko ló ń gbọ̀n. Egungun ni kó gbé ìbọn: tó bá jẹ́ ọwọ́ ọ̀tún lo fi ń yìn ín, gbé ìgúnpá òsì ti ìhà tàbí ìbàdí, kí ìbọn kàn jókòó lé àtẹ́lẹwọ́. Kọ́kọ́ fi ìbọn tí kò ní ọta wò ó: kọjú ìbọn sí àmì tó o fẹ́ yìn, dijú, mí, lajú. Tó bá ti yà kúrò lójú àmì, ẹsẹ̀ ni kó o sún, má fi apá fà á padà.

Ní ti mímì, ìbọn àwọn tó ń díje ní Òlíḿpíìkì pàápàá ń mì, bẹ́ẹ̀ àárín àmì ìbọn afẹ́fẹ́ gígùn, tí wọ́n ń yìn láti mítà 10, kò ju ìdajì mìlímítà lọ. Ìka tó rọra fa ohun tí wọ́n fi ń yìn ín ló ń gbà wọ́n. Tó o bá sé èémí pẹ́ jù, ojú á máa ṣú. Gbé ìbọn sọ̀ kalẹ̀, mí, kó o tún un bẹ̀rẹ̀.