Ta ló sọ pé FSA ń jẹ owó òṣìṣẹ́?

Níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Houston láìpẹ́ yìí, ọ̀rọ̀ FSA tún jáde, ìyẹn àpò owó ìtọ́jú ìlera tí ilé iṣẹ́ ń bá òṣìṣẹ́ yọ sọ́tọ̀ nínú owó iṣẹ́ rẹ̀ kí wọ́n tó gé owó orí. Ẹ̀gbọ́n kan gbé àwo ìrẹsì kalẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ má dá wọn lóhùn o. Owó tí ẹ bá kó síbẹ̀, bí ọdún bá ti parí, ilé iṣẹ́ ló ni ín." Gbogbo tábìlì ń mi orí. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn èèyàn wa, wọ́n á sì lọ fi owó tí ìjọba ti gé owó orí nínú rẹ̀ ra gíláàsì ojú fún ọmọ.

Ẹ wo ìwé owó iṣẹ́ tèmi. Ní 2025, mo ní kí wọ́n yọ dọ́là 1,430 fún mi. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n ń sanwó fún wa lọ́dún, torí náà dọ́là 55 ni wọ́n ń yọ lẹ́ẹ̀kan, kí ìjọba àpapọ̀ tó fọwọ́ kàn án rárá. Owó orí tèmi jẹ́ ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún. Social Security àti Medicare, owó ìfẹ̀yìntì àti ìtọ́jú àgbà tí ìjọba ń gbà, tún ń mú ìdá 7.65 lé e. Dọ́là 281 ni gbogbo rẹ̀ já sí, owó tó dúró sọ́wọ́ mi. Ká tiẹ̀ ní mo gbàgbé dọ́là 100 síbẹ̀ tó wọgbó, mo ṣì jèrè ju ẹni tí kò fi kọ́bọ̀ síbẹ̀ lọ.

Èyí tí wọn kì í sọ gan-an ló ṣe pàtàkì jù. Ní oṣù kìíní ọdún yẹn, eyín kan kò jẹ́ kí n sùn mọ́jú. Lẹ́yìn tí ìnṣọ́ránsì san tirẹ̀, dọ́là 1,180 ló kù sí mi lọ́rùn. Dọ́là 55 péré ni wọ́n tíì yọ lọ́wọ́ mi. Mo na káàdì FSA sí obìnrin tó ń gbowó, ó fà á, gbogbo gbèsè parẹ́. Òfin ló sọ pé gbogbo owó ọdún náà gbọ́dọ̀ wà ní sẹpẹ́ fún ẹni láti ọjọ́ kìíní. Ká ní mo fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì, wọn kò lè bi mí léèrè ìyókù. Ta ló wá ń jẹ owó ta?

Òótọ́ ni pé owó tí ẹ kò bá ná lè lọ, pàápàá bí ẹ bá kúrò níbi iṣẹ́. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń jẹ́ kí èèyàn gbé díẹ̀ wọ ọdún tuntun, tó dọ́là 660 láti 2025 wọ 2026. Àwọn mìíràn ń fi oṣù méjì àtààbọ̀ kún un. Ẹ bi wọ́n. Láti 2020 sì ni òògùn ibà àti páàdì obìnrin ti wọ inú rẹ̀, láìgba ìwé dókítà.

Gíláàsì ọmọ mi gba 190. Ní oṣù kejìlá, mo fi 60 tó kù ra ẹ̀rọ tí mo fi ń wọn ìfúnpá mi láràárọ̀. Fún 2026, mo ti sọ ọ́ di 1,800, torí àbúrò rẹ̀ náà ti ń gbé ìwé mọ́ imú kó tó lè kà á.