Fọ́tò tí kò ní ẹ́díìtì kò sí níbì kankan

Ó tún ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Ẹnì kan gbé fọ́tò òkè kan jáde, ìkùukùu bo ìdí òkè náà, oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ lẹ́yìn rẹ̀. Èsì tó kọ́kọ́ wọlé ni: “Ó dára, àmọ́ ẹ́díìtì ni. Fọ́tò gidi kì í ní ẹ́díìtì.” Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Wọ́n ń tún un sọ bí ẹni pé òfin ni, bẹ́ẹ̀ fóònù tí wọ́n fi kọ ọ́ ti ṣe ẹ́díìtì sí gbogbo fọ́tò inú rẹ̀ kí wọ́n tó fojú kàn án.

Inú kámẹ́rà fúnra rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Àwọn ojú tíntìntín tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú rẹ̀ kò mọ àwọ̀ rárá, bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pọ̀ tó nìkan ni wọ́n mọ̀. Kí àwọ̀ tó lè wọlé, wọ́n fi fílítà bo ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn: nínú mẹ́rin, méjì ń gba àwọ̀ ewé, ọ̀kan ń gba pupa, ọ̀kan ń gba búlúù. Bryce Bayer tó ń ṣiṣẹ́ ní Kodak, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe kámẹ́rà àti fíìmù, ló gbé ètò yìí kalẹ̀, wọ́n sì fún un ní ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ lọ́dún 1976. Òun náà ló ṣì wà nínú ọ̀pọ̀ jù lọ kámẹ́rà àti fóònù dòní. Ẹ wá ṣírò rẹ̀. Àwọ̀ kan ṣoṣo nínú mẹ́ta ni ojú kọ̀ọ̀kan gbà. Ìdá méjì nínú mẹ́ta tó kù, kámẹ́rà ló wo àwọn tó yí i ká, tó fi díwọ̀n rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tún pinnu bí funfun ṣe máa funfun tó, bí òkùnkùn ṣe máa jìn tó, bí etí nǹkan ṣe máa mú tó, kó tó gbé JPEG, ìyẹn fọ́tò tó ti parí, fún yín. Fóònù tún kọjá bẹ́ẹ̀: á ya fọ́tò bíi mélòó kan léraléra, á pa wọ́n pọ̀ di ọ̀kan. Ẹ́díìtì ni gbogbo ìyẹn. Ẹnjiníà tí kò débi òkè yẹn rí ló kàn ṣe é fún yín.

Èmi máa ń jẹ́ kí kámẹ́rà mi tọ́jú RAW, ìyẹn ohun tí kámẹ́rà gbà kó tó tún un ṣe, àti JPEG pọ̀. Bí mo bá ya ìgbà tí oòrùn ń wọ̀, white balance rẹ̀, ìyẹn ètò tó ń pinnu bí funfun ṣe máa rí, máa ń rí i pé gbogbo nǹkan ń pọ́n, á sọ pé àṣìṣe ni, á sì fọ pupa náà kúrò nínú JPEG. Ilẹ̀ tí mo rí koríko lórí rẹ̀ kedere á di dúdú kirikiri, torí ojú èèyàn máa ń bá ìmọ́lẹ̀ yí bó bá kúrò lójú ọ̀run bọ́ sílẹ̀, kámẹ́rà ò sì lè ṣe bẹ́ẹ̀ nínú yíyà ẹ̀ẹ̀kan. Mo máa ń ṣí RAW, mo máa ń dá pupa padà sáyè rẹ̀, mo sì máa ń gbé ibi tó ṣókùnkùn sókè díẹ̀. Èyí tí mo tọwọ́ bọ̀ yẹn ló máa ń jọ ohun tí mo fojú mi rí.

Àwọn kan á ní kò rí bẹ́ẹ̀ láyé fíìmù. Irọ́ ni. Ní nǹkan bí 1856 sí 1857, Gustave Le Gray, ará Faransé, ń ya òkun. Gíláàsì tí wọ́n fi ń ya fọ́tò nígbà náà máa ń gba búlúù ju bó ṣe yẹ lọ, ojú ọ̀run a sì funfun báláú. Ló bá ya ọ̀run sọ́tọ̀, ó ya òkun sọ́tọ̀, ó sì tẹ méjèèjì sórí ìwé kan. Ansel Adams ńkọ́, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà tí gbogbo wọn ń fi orúkọ rẹ̀ búra? Ó ya òṣùpá lókè abúlé Hernandez ní New Mexico lọ́dún 1941, ó sì ń fọ fọ́tò yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nínú àwọn tó kọ́kọ́ fọ̀, ojú ọ̀run mọ́ díẹ̀, ìkùukùu ṣì hàn. Nínú àwọn ti ìgbẹ̀yìn, òkè ọ̀run ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú tán. Lọ́dún 1948, ó tún fi kẹ́míkà ṣiṣẹ́ lórí apá ilẹ̀ inú nẹ́gétíìfù náà, ìyẹn fíìmù tí wọ́n ń fọ fọ́tò náà jáde láti inú rẹ̀.

Mo gbà pé ààlà wà: National Geographic sún àwọn pírámíìdì Giza mọ́ra wọn nínú fọ́tò tó wà lórí èèpo ìwé ìròyìn wọn ti oṣù kejì 1982, ariwo tó tẹ̀ lé e sì tọ́.

Èyí tó ń dùn mí jù ni pé wọ́n rò pé ẹ́díìtì ló mú fọ́tò dára. Bí oòrùn bá ti sún mọ́lẹ̀, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ máa ń gba inú afẹ́fẹ́ púpọ̀ kọjá, búlúù á fọ́n ká sójú ọ̀nà, pupa àti àwọ̀ ọsàn á kù. Òjìji á gùn, gbogbo gegele àti kòtò á sì fara hàn. Lọ́sàn-án gangan, orí tààrà ni ìmọ́lẹ̀ ti ń bọ̀, ilẹ̀ á sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Kò sí ohun tí mo mọ̀ lórí kọ̀ǹpútà tó lè mú òjìji ọ̀sán kó gùn bí ti ìrọ̀lẹ́ láìṣe pé ẹ tún ibẹ̀ yà látìbẹ̀rẹ̀. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ sì ti pọ̀ jù tó fi di funfun báláú, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́ tí èèyàn lè fà jáde. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò. Ẹ ya ibì kan lọ́sàn-án, ẹ ṣe gbogbo ẹ́díìtì tó bá wù yín sí i, kẹ́ ẹ padà síbẹ̀ nírọ̀lẹ́ kẹ́ ẹ tún un yà. Ẹ gbé méjèèjì síra, kẹ́ ẹ wá sọ fún mi pé kọ̀ǹpútà ló ń ṣiṣẹ́ náà.