Mo ti wẹ nínú omi Húsavík yẹn

Ẹ̀yin olóòtú ìwé ìròyìn, ẹ ṣeun tí ẹ kọ nípa GeoSea, ilé ìwẹ̀ omi òkun gbígbóná ní Húsavík, lápá àríwá Iceland. Àmọ́ ẹ kọ ọ́ pé iná mànàmáná ni wọ́n fi ń mú omi ibẹ̀ gbóná, kò rí bẹ́ẹ̀. Ooru abẹ́ ilẹ̀ ni. Láyé ọjọ́un, wọ́n gbẹ́lẹ̀ níbẹ̀ láti rí omi gbígbóná tí wọ́n máa fi mú ilé móoru, àmọ́ iyọ̀ ti pọ̀ jù nínú rẹ̀, kò ṣeé lò fún ilé. Làwọn ará ìlú bá gbé àgbá wàràkàṣì kan síta, wọ́n da omi náà sí i, wọ́n ń wẹ̀ nínú rẹ̀. 2018 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ti ìgbàlódé yìí.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lọ. Ha! Atẹ́gùn ń ta wá létí bí abẹ́rẹ́, omi sì dé ọrùn wa, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí èyí tí ìyá wa fi ń wẹ ọmọ tuntun ní Ìtòkò. Apá òkun tí wọ́n ń pè ní Skjálfandi tẹ́ lọ níwájú wa, níbi tí àbùùbùtán ti máa ń yọjú.

Àpáta làwa ní l'Ábẹ́òkúta. Ṣùgbọ́n omi gbígbóná àti tútù pàdé ní Ìkògòsì, l'Ékìtì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rán akọ̀ròyìn lọ síbẹ̀ náà.